Ẹ̀gbà Ọwọ́ Akọni

Ní gbogbo Sátidé, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń kó ìdílé wọn wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò, kí ẹ̀gbà ọwọ́ wọn, ẹ̀rọ tó máa ń pupa bí àyà wọn bá já, lè sọ ohun tó já wọn láyà lọ́sẹ̀ náà. Fadérera ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn.

“Ẹ bá mi bá ọkọ mi wí. Mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ńṣe ló ń sá fún mi.”

Agbaninímọ̀ràn tó ń darí ìpàdé náà tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbà náà sì fọhùn: “Àyà rẹ̀ máa ń já bí ìyàwó rẹ̀ bá pè é ní Akọni Ogun.”

Ojú ti Fadérera débi pé kò mọ ibi tó lè gbé e sí. Orúkọ tó fi ń yangàn kiri! Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Akọni mi.”

“Kò burú,” ni ọkọ rẹ̀ fẹ̀rín dáhùn, àmọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti pupa fòò.