Ẹkùn Tí Ewúrẹ́ Ò Bẹ̀rù

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá ń dẹ́rù bà yín kó tó dá iye lé ọjà yín, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa.

1.

Rọ̀kíbátù wà lára àwọn tó sá kúrò l'Ékòó nígbà tí ogun jó ilé wọn. Ìró kan ló ró dé Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn. Ó fẹ́ ọkọ sí abúlé oko kan nítòsí ibẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún epo, epo ló sì sọ ọ́ di ènìyàn padà. Bó bá ti di ọjọ́ ọjà, òun àti Kúbúrá, ìyálé ẹ̀, á ru epo la inú igbó kọjá lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń du epo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń du ọjà ẹ, ibẹ̀ ni kó o dúró sí!

Ṣàdédé ni ẹkùn kan dé inú igbó yẹn. Ó fò jáde sí àwọn obìnrin láàárọ̀ kùtù, inú kùrùkùrù. Wọ́n da epo nù, wọ́n sá. Lọ́jọ́ ọjà kejì, ó tún jáde. Lọ́jọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó gba ọ̀nà yẹn mọ́.

2.

Súbérù ọlọ́kọ̀, tó máa ń kó epo lọ sí Èbúté Ìkòròdú, wá tẹ́ ẹní sí ẹnu igbó lápá abúlé.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀mí yín ló jẹ mí lógún. Ẹ tà á fún mi níbí. Èmi ni kí ẹkùn jẹ."

Rọ̀kíbátù ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa san?"

Súbérù dá iye lé e. Kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń rà á létí ọ̀sà.

"Ẹ̀gbọ́n, epo ni mo gbé wá o, kì í ṣe omi."

"Gbé e lọ sétí ọ̀sà nígbà náà. Ẹkùn ń dúró dè ẹ́."

Kúbúrá ní kí wọ́n pe ọdẹ. Súbérù bú sẹ́rìn-ín. "Ọdẹ wo? Ènìyàn ló ń di ẹkùn yẹn! Ọfà kì í wọlé sí i lára. Wallahi, mo fojú mi rí i tó ń para dà."

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Wọ́n ta epo fún un, wọ́n ń sunkún lọ sílé.

Lójú ọ̀nà, Kúbúrá ní, "Bàbá mi pa ẹkùn rí. Aṣọ ni wọ́n fi bo ojú ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ààfin. Awọ ẹ̀, ọba ló ni ín. Ẹni tó bá fi pamọ́ ti rí ìjàngbọ̀n."

Rọ̀kíbátù ń rò ó pé bí epo bá bọ́ lọ́wọ́ òun báyìí, a jẹ́ pé òun tún padà sí ìró kan ṣoṣo. Ó dúró gbagidi.

"Ìyálé mi, iná ló lé mi kúrò l'Ékòó. Ẹranko ò ní lé mi kúrò níbí. Ẹkùn wo ni kì í jẹ ẹran, tó jẹ́ epo nìkan ló ń dà nù? Ẹ yá mi ní ewúrẹ́ yín."

"Ewúrẹ́ mi! Tó bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Tó bá jẹ ẹ́, mo gbà pé ẹkùn ni."

3.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Rọ̀kíbátù ru epo, ó fa ewúrẹ́ lókùn. Kúbúrá àti obìnrin mẹ́rin tẹ̀ lé e lọ́ọ̀ọ́kán, pẹ̀lú ọmọrí odó lọ́wọ́.

Ẹkùn yọ! Awọ tótòtó, ó ń bú ramúramù. Ojú Rọ̀kíbátù wà lára ewúrẹ́.

Ewúrẹ́ ń jẹko.

Ó gbórí sókè, ó wo ẹkùn, ó ní "mẹ̀ẹ́," ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń jẹko ẹ̀ lọ.

Rọ̀kíbátù sọ epo kalẹ̀. "Ewúrẹ́ tó máa ń gbóòórùn ẹkùn láti òkèèrè, táá já okùn sá, òun ló ń jẹko yìí! Ẹ jáde wá o!"

Kí ẹkùn tó yí padà, àwọn obìnrin ti ya bò ó. Kúbúrá tú gèlè, ó fi bo ojú ẹ̀.

"Ẹ má bo ojú mi! Èmi ni! Súbérù ni!"

Rọ̀kíbátù ní, "Súbérù kọ́. Ẹkùn ni. Ìwọ lo sọ ọ́."

"Màá san iye tí wọ́n ń san létí ọ̀sà!"

"Ẹkùn kì í nájà."

"Mo fi méjì lé e! Rọ̀kíbátù, gba ọkọ̀ mi!"

"Dákẹ́. Ọba ni kó o lọ bá nájà."

4.

Bí wọ́n ṣe gbé e dé ààfin nìyẹn, pẹ̀lú gèlè lójú. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ tú jáde.

Ìjòyè àgbà kan bi í pé, "Ṣé ẹkùn ni ọ́ àbí ènìyàn?"

Súbérù rò ó síwá sẹ́yìn. Bó bá ní ẹkùn lòun, awọ òun náà di tọba. Bó bá ní ènìyàn lòun, ta ló pa ẹkùn tó ni awọ yìí?

Ó wólẹ̀. "Ènìyàn ni mí, ẹ ṣàánú mi. Pàkúté mi ló mú un. Mo fi awọ ẹ̀ pamọ́."

Wọ́n gba awọ, wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n lé e kúrò nílùú. Ó wọ́ dé Èbúté Ìkòròdú, ìròyìn ti débẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ibi tó máa ń kó epo wá tẹ́lẹ̀, ẹrù ẹlẹ́rù ló ń rù níbẹ̀. Tó bá sì ti fẹ́ dá iye lé nǹkan báyìí, àwọn obìnrin á ní, "Mẹ̀ẹ́!"

Rọ̀kíbátù padà sétí ọ̀sà. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní iye epo òun ti gun òkè. Wọ́n san án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ìbẹ̀rù ra ọjà ọlọ́jà, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ̀yin tí wọ́n ń dẹ́rù bà, ẹ má sá títí. Ẹ fa ewúrẹ́ tiyín lọ́wọ́, kí ẹ lọ wò ó.

Ẹni tó bá ń yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ onítọ̀hún ṣe.