Oúnjẹ Tí Ìyá Ọláìtán Gbé Lọ sí Ọsibítù

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere ní àdúgbò Aboabo ní Tamale kí Ìyá Ọláìtán tó dìde lórí ẹní. Àwọn ọkùnrin ìjọ ti jáde lọ, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó wo àwọn obìnrin náà bí wọ́n ṣe tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó mú Bíbélì rẹ̀, ó ṣí i sí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, ó ka ibi tó sọ̀rọ̀ ẹni tí ebi ń pa, ó pa á dé. Ó tún ṣí i. Ohun tó wà níbẹ̀ kò yí padà. Ó wá bọ́ sí ìdí ààrò, ó gbé omi túwó kaná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó," ni Ọmọ́ládé, àbúrò rẹ̀, wí. "Kì í ṣe irú òní. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé oúnjẹ lọ bá ọmọ yẹn."

"Ta ni yóò gbé e lọ?"

Ó ń ro túwó náà lọ.

"Àwọn tó ti ọsibítù dé ní láti ìjẹta ni kò ti fi nǹkan kan ẹnu," ni Ìyá Ọláìtán wí. "Wọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò ní okun nínú. Bí kò bá jẹun, yóò kú."

Ọmọ́ládé bú sẹ́kún. Ìyá Ọláìtán kò sunkún. Láti kékeré ló ti ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tó sì ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Òní ló fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á gbọ́. Ọkàn rẹ̀ dàrú débi pé ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbé kúlà oúnjẹ náà, kò gbà kí ẹnì kankan tẹ̀ lé òun, ó wọ kẹ̀kẹ́. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì Fauziya wò ó tìyanutìyanu, ó fi Háúsá bi í pé, "Ìyá, ta ni ẹ wá wò? Ọmọ yìí ní òun ò ní ẹnì kankan ní Tamale."

"Ó ní mi."

Bí ọmọ náà ṣe rí i, ó kọjú sí ògiri. Ìyá Ọláìtán dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe é bíi kó sá padà sílé. Ó gbàdúrà sínú, ó wọlé, ó fọ ọwọ́, ó gé òkèlè, ó nà án sí i lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọmọ náà wí.

"Mo ń bínú. La ẹnu."

Ó la ẹnu. Ó jẹ ẹyọ kan, ó tún jẹ òmíràn, iyọ̀ tó pọ̀ nínú ọbẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Fóònù dún. Ọmọ́ládé ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ṣe tán. Wọ́n ti ń bọ̀ wálé."

"Ó dára," ni Ìyá Ọláìtán wí, ó sì gé òkèlè mìíràn.

Àwọn ọkùnrin ìjọ ti sin Ọláìtán, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sí itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn Kpalsi, níbi tí ìyá kì í bá òkú ọmọ rẹ̀ dé, ọmọkùnrin tó sì fi alùpùpù gbá a pa ló ń jẹ òkèlè lọ́wọ́ rẹ̀ yìí.