Àmì Ẹ̀yẹ Ẹni Tí Kì Í Wo Ojú

Dúró! Ìwọ tí o ń sáré kọjá, fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o jókòó. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún ló wà níbí, ẹni tó bá sì sáré kà á kò ní rí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá fẹ́ mọ ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò lọ, kó ta aṣọ sí àárín yàrá. Kí òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́yìn aṣọ, kó na ọwọ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe jáde lábẹ́ aṣọ náà. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ rí ojú. Ó ní ojú máa ń bẹ̀bẹ̀, àánú sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an, ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí jáde lábẹ́ aṣọ. Ó dá a mọ̀, nítorí òrùka ìyá rẹ̀ wà níka rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní kó máa lọ. Ìtàn yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọmọbìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, ó ti di ọdún mẹ́jọ báyìí.

Àṣálẹ́ yìí ni ìjọba fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ará ìlú lè gbà kọ́ ọ lọ́rùn. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí lára àmì ẹ̀yẹ. Ọkàn rẹ̀ wà lára àga kan tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ náà ní ìlà iwájú.

"Ṣé yóò wá?" ó bi ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pèpéle.

"Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa wá. Bí ẹ bá gbà á, ẹ gbà á. Bí ẹ ò bá gbà á, kò tún sí ìgbà mìíràn."

"Ta ló ní mi ò ní gbà á? Orí pèpéle ni màá ti pè é. Màá di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo ayé."

"Ọwọ́ náà ló tún kàn! Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe báyìí."

"Ìyá ọmọ, má bẹ̀rẹ̀ o. Ọwọ́ ọmọ yẹn rọ̀ bí òwú. Kí wọ́n kó igba ọwọ́ síwájú mi, màá mú tirẹ̀ jáde."

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹnì kan gbé ife omi gbígbóná sílẹ̀, sí apá òsì rẹ̀, nítorí ọwọ́ òsì ló ń lò. Òórùn atalẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í mu omi mìíràn kó tó sọ̀rọ̀. Ó rí apá aṣọ funfun, bíi ti gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri nínú gbọ̀ngàn. Ó rí ọwọ́ tó sán, tí awọ rẹ̀ ń bó, tí ọṣẹ ti jẹ èékánná rẹ̀, tí kò sì sí òrùka níka rẹ̀.

"O pẹ́ jù," ó wí.

"Ó pẹ́ lóòótọ́, bàbá."

"Sà ni kí o pè mí. Èmi kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́."

Ọwọ́ náà kò kúrò lórí tábìlì.

"Wọ́n ní ẹ kì í wo ojú ènìyàn," ni obìnrin náà wí. "Mo rò pé wọ́n ń bà yín jẹ́ ni."

"Áà, ó yé mi. Wọ́n ti lé ìwọ náà rí."

"Wọ́n lé mi. Ẹ̀kọ́ yín ni wọ́n fi lé mi."

"Wọn ò jẹ̀bi. Irú ọwọ́ báyìí, mi ò lè gbà á sọ́dọ̀ mi láé."

Ọwọ́ náà kúrò lórí tábìlì.

"Ó dáa, sà," ni obìnrin náà wí. "Mo ti gbọ́."

Inú bí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó pe alákòóso ètò. "Mú eléyìí jáde fún mi. Kò mọ àyè ara rẹ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni alákòóso nígbà kan, òun náà kò wo ojú. Ó di obìnrin náà lọ́rùn ọwọ́ mú, ó tì í gba ẹ̀yìn jáde, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n mu omi náà tán. Ó dùn mọ́ ọn lọ́fun.

Wọ́n pè é sórí pèpéle. Wọ́n ní ọkùnrin tí kì í ṣojúsàájú rèé, àní sí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Gbọ̀ngàn ho yèè. Àmì ẹ̀yẹ náà wúwo, ó sì tutù lọ́rùn rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìlà iwájú láti pe ọmọ rẹ̀. Àga náà ṣófo.

Ìyàwó rẹ̀ ń sáré bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá ọmọ, ibo lẹ fi ọmọ sí?" ó kígbe. "Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́ atalẹ̀ sómi yín nínú ọkọ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé e wọlé fún yín, ó ní kí n dúró síta, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa gbójú sókè." Ìwọ tí o ń ka èyí, ẹnì kan dúró síwájú tábìlì tìrẹ náà báyìí, ó gbé nǹkan lọ́wọ́ fún ọ; mo bẹ̀ ọ́, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, gbójú sókè, kí o wo ojú rẹ̀.