Àtàǹpàkò Abẹ́ní

Abẹ́ní ló máa ń ya fọ́tò ìdílé wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ọ̀kankan. Àtàǹpàkò rẹ̀ tó lé làálì sí nìkan ló máa ń dí igun fọ́tò. Láti ìgbà tó ti kú, ọkàn Bánkálé, ọkọ rẹ̀, tutù bí omi inú àmù. Kò tilẹ̀ lè sunkún.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkógòsì, ó ń wo fọ́tò ìrìn àjò wọn lórí fóònù. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti òun àti Mofẹ́, ọmọ wọn, lórí bẹ́ẹ̀dì yìí gan-an. Àtàǹpàkò aláàlì dí igun rẹ̀.

"Mofẹ́, ta ló yà wá?"

Ọmọ náà kò la ojú. "Mọ́mì ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, Dádì, ẹ ti ń fajú ro jù."

Bánkálé gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Iná fọ́tò kọ mànà láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.