Ẹja Méje Tó Sọnù

"Ìyá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn!"

Ẹ̀ṣọ́ etíkun kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta pẹrẹsẹ tó ń dúró lé ka ẹja. Ẹja kéékèèké méjìlá ló ń gbé inú kòtò omi tó wà láàárín àwọn òkúta iyùn náà. Láti ijẹta, márùn-ún péré ló ń rí, ìyá arúgbó yìí ló sì ń bá níbẹ̀ láràárọ̀, tòun ti garawa tó faṣọ bò. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

"Ẹ ṣí i!"

Ìyá ṣí i. Omi òkun lásán ni.

"Bí òkun bá ti fà sẹ́yìn, oòrùn á máa se wọ́n. Omi tútù ni mo ń bù kún un."

"Ẹja méje wá dà?"

"Ìgbà wo lo gbé òkúta tó o dúró lé yẹn síbẹ̀?"

"Ijẹta."

"Ẹnu ihò wọn lo gbé e dí. Àná tí mo fẹ́ ṣí i, ṣebí o lé mi bí ẹni lé olè."

Ó fò sọ̀ kalẹ̀, ó gbé òkúta náà kúrò. Ẹja kan yọjú, òmíràn tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi pé méje. Wọ́n rí òjìji rẹ̀, ni gbogbo wọn bá sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ ìyá nínú omi.