Alájì Tó Lé Àwọn Tó Ń Rẹ́ Òrùlé Rẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá tí ẹ fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ sílé. Ẹ má tíì fi Alájì Àbdùlsàlàm rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣe é lè ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ojú ayé.

1.
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alájì, aṣọ ló ń tà ní Niamey, olú ìlú Niger. Gbogbo ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ kó jọ, ilé kan ṣoṣo ló fi rà ní àdúgbò Boukoki níbẹ̀. Ilé amọ̀ ni, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, amọ̀ náà ni. Ó bá ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta nínú yàrá ìta, ó ní kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ lọ. Gàfárù, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey, ni àgbà wọn. Bùkárì àti Ìsà, ọmọ ẹ̀yà Zarma, onílẹ̀ ibẹ̀, ni àwọn.

Àwọn ọmọ yìí wúlò. Wọ́n ń bá Hàbíbátù, ìyàwó Alájì, pọn omi, wọ́n sì ń ṣọ́ ilé tí Alájì bá rìnrìn àjò. Fádà wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àjókòó àwọn ọ̀dọ́, nìkan ni Alájì kò fẹ́. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á pé sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé tíì kaná, wọ́n á máa jiyàn òṣèlú, torí ọdún ìbò ni.

"Ẹ ti sọ ẹnu ọ̀nà mi di gáréèjì," ni Alájì máa ń wí.

2.
Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Alájì a máa lọ ra ọjà ní Kùtọnu. Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ilé rẹ̀. Lọ́dún yìí, ó dúró, nítorí àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ Zaynab, ọmọ rẹ̀, ń bọ̀ láti àdúgbò Kalley.

Àwọn àlejò jókòó tán nínú àgbàlá, ni òórùn kan bá gba ibẹ̀ kan. Gàfárù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lókè, wọ́n ń fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù rẹ́ òrùlé. Àfi pọ̀ọ́! Potopoto bọ́ sórí fìlà bàbá ọkọ ìyàwó.

Ojú ti Alájì. Ì bá rí ihò, ì bá kó sí i.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹ́gbin! Ẹ kẹ́rù yín kúrò nílé mi lónìí!"

"Bàbá, pardon," ni Gàfárù wí. "Ilé banco ni, amọ̀ lásán. Tí a ò bá rẹ́ ẹ, òjò máa wọlé. Ìdajì la tíì ṣe. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀, a máa lọ lọ́la."

"Irọ́ ni! Ta ló ń rẹ́ òrùlé nílé baba mi?"

Páànù ni òrùlé ilé baba rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀.

Hàbíbátù sún mọ́ ọn. "Bàbá Zaynab, ẹ rọra. Ṣé kì í ṣe ìgbẹ́ màlúù náà ni ìyá yín fi ń rẹ́ ilẹ̀ yàrá? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Alájì wò ó bí ẹni tó tú u láṣìírí lójú àna. Àwọn ọmọ náà fọwọ́, wọ́n kẹ́rù, wọ́n lọ.

3.
Wọn ò lọ jìnnà. Ìyá Zàlìhà, opó tó ń gbé ọ̀ọ́kán, fún wọn ní yàrá.

Alájì gba ọ̀dọ́ méjì mìíràn sílé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Aṣọ wọn gún, Faransé wọn dùn, lọ́fínńdà wọn ń ta sánsán. Alájì ń fi wọ́n yangàn kiri.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ilé jò. Alájì ní kí wọ́n bá òun gun òkè lọ wò ó.

"Ah non, Alájì. Ẹni tó nilé ló lòrùlé."

Ọjọ́ náà gan-an, Gàfárù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́ òrùlé Ìyá Zàlìhà lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n," ni Hàbíbátù wí.

"Èmi? Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lé?"

Ó ra tapólì ńlá, ó tẹ́ ẹ bo òrùlé, ó kó òkúta lé e. Ó rò pé òun ti gbọ́n.

4.
Tapólì náà dí gbogbo ihò tí omi ń gbà jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá dé, omi dúró lórí ilé bí adágún. Alájì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ gbìì! Òrùlé ti wó lé Hàbíbátù lórí.

Àwọn ọ̀dọ́ olóòórùn dídùn gbé báàgì wọn, wọ́n dá takisí dúró. Àwọn àna tí Alájì torí wọn lé ènìyàn, Kalley ni wọ́n wà. Gàfárù àti àwọn ọmọ fádà rẹ̀ ló sáré la òjò kọjá. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń họ amọ̀.

"Ìyá, pẹ̀lẹ́, ẹ má sọ̀rọ̀," ni Gàfárù ń wí.

Wọ́n gbé e jáde láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Kò sí èyí tó bú Alájì nínú wọn. Ká ní wọ́n bú u ni, ọkàn rẹ̀ ì bá fúyẹ́.

5.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyókù ilé náà wó. Ìyá Zàlìhà ló fún Alájì àti ìdílé rẹ̀ ní yàrá kan.

Nígbà tí Hàbíbátù lè jókòó, Alájì lọ bá àwọn ọmọ náà. Ó ṣí fìlà. Kò lè gbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ foríjì mí, ẹ padà wá sílé."

Gàfárù dìde, ó gbé àga fún un.

"Sai hàkúrì, Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. A ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilé wo la máa padà sí?"

Alájì wo òkìtì amọ̀ tó kù nínú ilé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, níwájú ọmọ tó pè ní ẹlẹ́gbin.

Ẹ̀yin onílé, ẹ gbọ́ o. Bí ọ̀dọ́ ayálégbé yín bá ń ṣe ohun tí kò yé yín, ẹ bi í kí ẹ tó lé e. Bí ẹ bá sì ti ṣì í lé, ẹ yára lọ bẹ̀ ẹ́ kí òjò tó ṣú. Ìtìjú ẹ̀bẹ̀ kì í pani, ìgbéraga ló ń wólé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè.