Ẹ̀gà Kọ Ìtẹ́ Àná

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ọ̀pẹ, ó dá lórí Ẹ̀gà àti ìyàwó rẹ̀.

Bí ìyàwó bá ti fẹ́ yé ẹyin, Ẹ̀gà á ju ìtẹ́ tó ṣì dára sódò, á tún já imọ̀ ọ̀pẹ hun òmíràn.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká tún èyí ṣe."

"Kí èmi Ẹ̀gà máa sùn nínú àlòkù? Kí làwọn ẹyẹ á wí?"

Ìyàwó fi orin bẹ̀ ẹ́:

Baálé mi, ẹ má já a tán,
*Ọ̀pẹ ń sunkún.*
Ọmọ wa ń bọ̀ lọ́nà,
*Ọ̀pẹ ń sunkún.*

Kò gbọ́. Ọ̀pẹ kú. Nígbà tí ẹyin tún dé, kò sí imọ̀, ìtẹ́ àná sì ti bá odò lọ. Bí ìyàwó ti ń yé wọn sórí igi gbígbẹ ni wọ́n ń já bọ́, títí gbogbo wọn fi fọ́.

"Má sunkún," ni Ẹ̀gà wí, "màá hun tuntun."

"Imọ̀ wo lẹ fẹ́ fi hun ún, baálé mi? Ta ni yóò sì sùn nínú rẹ̀?"